Ilé làbọ̀ sinmi oko: ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún sójà tó ti ogun dé?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ sójà àtijọ́ àti àwọn ará Kétu, Pọ̀bẹ́ àti Ṣakẹ́tẹ́ sọ nínú àgbàlá kan ní Jonquet, ní Kútọnu

  

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni àgbàlá yìí. Ó gbá ilẹ̀, ó gbé àga sílẹ̀, ó ní kí á wá sọ̀rọ̀. Ẹ ń gbọ́ ariwo àwọn zémíjàn lójú títì. Ẹ ń gbọ́ àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀. Jonquet nìyẹn. Níbí, ariwo kì í sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fetí sí ọ̀rọ̀ kan tó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ilé ni.

Àwọn baba wa sọ pé: ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó lọ sí oko, ilé ni yóò padà sí. Ẹni tó lọ sí ọjà, ilé ni yóò padà sí. Ẹni tó lọ sí ogun ńkọ́? Òun náà, ilé ni yóò padà sí. Bí kò bá ní ilé, níbo ni yóò ti sinmi?

Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí nìyí: sójà tó ti ogun dé, tí kò ní owó ilé lọ́wọ́, ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un kí wọ́n lè yá a lówó kọ́lé?

BÀBÁ MI

Kétu ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ní 1946, àwọn Faransé mú un wọ iṣẹ́ sójà. Ó lọ sí ogun Indochine. Nígbà tí ogun yẹn parí ní 1954, wọ́n gbé e lọ sí ogun Algérie. Ní 1961, ó padà wálé. Ọdún 15 ni ó fi gbé ìbọn. Nígbà tó lọ, abẹ́ Faransé ni ilẹ̀ wa wà. Nígbà tó dé, Dahomey ti gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960.

Ó gba yàrá kan níhìn-ín ní Jonquet. Yàrá tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù ni. Ó ní, "Ọdún méjì ni màá lò níbí, lẹ́yìn náà màá kọ́ ilé tèmi." Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí. Inú yàrá yẹn náà ni bàbá mi kú sí ní 1998. Ọdún 37 ni ó fi san owó yàrá fún onílé.

Bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Lóru, ó ń ṣọ́ ìsọ̀ àwọn oníṣòwò. Lójú ọ̀sán, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Kí ló dé tí kò fi lè kọ́ ilé? Ohun mẹ́ta ló dè é lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

OHUN KÌÍNÍ: OWÓ TÓ DÚRÓ SÓJÚ KAN

Ẹ rántí bí àwọn ènìyàn wa ṣe dé ojú ogun òyìnbó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, Faransé ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ Dahomey. Àwọn Ọ̀họ̀rí, lẹ́bàá Pọ̀bẹ́, kọ̀. Wọ́n bá Faransé jà. Ọ̀pọ̀ ará Kétu di ẹrù wọn, wọ́n kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mú kò kéré.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún mú àwọn mìíràn. Nígbà tí ogun yẹn fẹ́ parí, ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí Jámánì ti kó ní ìgbèkùn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti Faransé. Wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, wọ́n yìnbọn fún wọn. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn 35 ló kú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 80 kọjá kí ààrẹ Faransé tó kọ ọ́ sínú ìwé, ní oṣù kọkànlá 2024, pé ìpakúpa ni.

Lẹ́yìn èyí ni òfin kan dé. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 1959 ni wọ́n ṣe é ní Paris. Òfin náà sọ pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà tó wá láti ilẹ̀ tó ń gba òmìnira yóò dúró sójú kan. Àwọn Faransé pè é ní cristallisation. Ẹ wo omi tó di yìnyín: kò lè ṣàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe owó àwọn baba wa. Owó sójà tó jẹ́ ọmọ Faransé ń gòkè bí ọjà ṣe ń gòkè. Owó sójà ọmọ Dahomey dì. Àgbàdo ń wọ́n sí i. Sìmẹ́ǹtì ń wọ́n sí i. Páànù ń wọ́n sí i. Owó bàbá mi dúró.

Sójà ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kan tó ń jẹ́ Amadou Diop gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Owó tó ń gbà tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Faransé ń gbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2001, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Conseil d'État sọ pé kò tọ́ kí wọ́n máa ya sójà sọ́tọ̀ nítorí ilẹ̀ tó ti wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2007, wọ́n sọ owó ìfẹ̀yìntì ajagun àti owó àwọn tó gbọgbẹ́ lójú ogun di ọgbọọgba. Ní 2010, ilé ẹjọ́ mìíràn, Conseil constitutionnel, tún dájọ́ lórí àwọn owó tó kù, a sì ṣe òfin tuntun lé e.

Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú láti 1998.

Ẹ lè bi mí pé: kí ni owó ìfẹ̀yìntì ní í ṣe pẹ̀lú ilé kíkọ́? Ó ní í ṣe púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó yóò kọ́kọ́ béèrè pé: "Èló ló ń wọlé fún ọ?" Owó tó dúró sójú kan nígbà tí ọjà ń gòkè, owó tó ń kéré sí i ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ yánilówó ọdún 20 lórí irú owó bẹ́ẹ̀.

OHUN KEJÌ: ÀÌNÍ ONÍGBỌ̀WỌ́

Gbogbo wa la mọ onígbọ̀wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wọ èésú, tí wọn kò mọ̀ yín, wọn á béèrè ẹni tó mọ̀ yín. Ẹni náà á dìde, á ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Bí kò bá san án, èmi ni kí ẹ mú." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún yín.

Bàbá mi kò rí onígbọ̀wọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ ayánilówó kan ládùúgbò. Ọkùnrin náà gba ìwé ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́nú àpótí. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, wọ́n á jọ lọ gba owó náà. Ọkùnrin náà á yọ èlé tirẹ̀, á fún bàbá mi ní ìyókù, á sì gbé ìwé náà padà sínú àpótí rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, èlé nìkan ni bàbá mi ń san. Gbèsè náà kò dín. Láyé àtijọ́, ẹni tó jẹ gbèsè ń fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ó ń ro oko olówó, iṣẹ́ náà sì jẹ́ èlé. Bàbá mi ṣe ìwọ̀fà láìfọwọ́ kan ọkọ́.

Ṣé irú èyí ni gbogbo sójà ayé ń rí? Rárá. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀, kí á wo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1944, ọdún kan náà tí wọ́n yìnbọn ní Thiaroye.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1944, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin kan fún àwọn sójà tó ń bọ̀ láti ojú ogun. Àwọn ènìyàn ń pè é ní GI Bill. Ọ̀rọ̀ ilé wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìjọba kò kọ́ ilé fún sójà. Ìjọba kò sì ka owó lé e lọ́wọ́. Báǹkì ló ń yá a lówó. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó ṣe onígbọ̀wọ́. Ó sọ fún báǹkì pé: "Ẹ yá sójà yìí lówó. Bí kò bá lè san án, èmi ìjọba yóò san apá kan fún yín." Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì owó náà ni ìjọba dúró lé, kò sì gbọdọ̀ ju dọ́là 2.000 lọ. Ní 1945, wọ́n sọ ọ́ di 4.000. Èlé kò gbọdọ̀ ju dọ́là 4 lórí 100 lọ́dún. Ọdún 20 ni sójà fi lè san án. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọdún márùn-ún kún un.

Títí di 1952, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilé mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún 400 tí wọ́n rà tàbí kọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin náà ṣì wà títí di òní. Láti 1944, ó ti ju mílíọ̀nù 25 owó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Lónìí, ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni ìjọba sábà máa ń dúró lé. Nítorí rẹ̀, báǹkì lè yá sójà lówó láì béèrè pé kó kọ́kọ́ mú owó kan wá.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Onígbọ̀wọ́ kì í pa gbèsè rẹ́. Sójà ló ń san owó rẹ̀. Bí kò bá san án, wọ́n lè gba ilé náà. Iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ ni láti fi ọkàn olówó balẹ̀. Nígbà tí ọkàn olówó bá balẹ̀, ó ń dín èlé, ó sì ń fún ènìyàn ní ọdún púpọ̀.

Ẹ mú bíírò yín, kí á ṣírò.

Ẹnì kan yá 3.000.000 F. Èlé rẹ̀ jẹ́ 24 lórí 100 lọ́dún. Ó gbọ́dọ̀ san án tán ní ọdún 5. Lóṣooṣù, yóò san nǹkan bí 86.300 F.

Ẹlòmíràn yá 3.000.000 F kan náà. Èlé tirẹ̀ jẹ́ 6 lórí 100 lọ́dún. Wọ́n fún un ní ọdún 20. Lóṣooṣù, yóò san nǹkan bí 21.500 F.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò san 86.300 F ní ìgbà 60. Ó jẹ́ 5.178.000 F. Ẹni kejì yóò san 21.500 F ní ìgbà 240. Ó jẹ́ 5.160.000 F. Àròpọ̀ méjèèjì fẹ́ẹ̀ dọ́gba! Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, ẹni àkọ́kọ́ ń san ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹni kejì ń san. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lè rí 21.500 F yọ. Bó bá yọ 86.300 F, kí ni yóò jẹ? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní onígbọ̀wọ́ àti ẹni tí kò ní nìyẹn.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà ṣe ló dára. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ náà. Wọ́n ja ogun kan náà. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n má fún wọn. Ṣùgbọ́n báǹkì ló ń yánilówó, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun sì ni báǹkì wà. Bí aláwọ̀ dúdú bá gbé ìwé rẹ̀ lọ, wọn á dá a padà. Wọ́n ń sọ pé àdúgbò àwọn dúdú kò dára fún owó yíyá. Ní 1947, wọ́n ka iye owó tí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ fún ní ìlú 13 ní Mississippi. Ó jẹ́ 3.229. Mélòó ló kan sójà aláwọ̀ dúdú? Méjì. Mo tún un sọ: méjì nínú 3.229.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn. Kí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú. Bí ẹni náà bá ń wo ojú kó tó ṣílẹ̀kùn, onígbọ̀wọ́ kò ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìtòsí. Ní Nàìjíríà, láti 1992, òfin kan dá àpò owó ilé sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wọ inú rẹ̀ ń fi náírà 2 àti ààbọ̀ sílẹ̀ nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Báǹkì ìjọba kan, Federal Mortgage Bank of Nigeria, ló ń tọ́jú owó náà. Ẹni tó ti dá owó fún oṣù mẹ́fà lè béèrè owó ilé. Èlé 6 lórí 100 ni òfin ètò náà gbé kalẹ̀, wọ́n sì lè fún ènìyàn ní ọdún tó 30. Àwọn sójà orí ilẹ̀ ní Nàìjíríà tún ní ètò tiwọn fún ilé tí sójà yóò gbé lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí sójà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀. Kì í dúró di ọjọ́ tó bá bọ́ aṣọ sójà.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ mọ ààlà èlé. Láti 2014, báǹkì kò gbọdọ̀ gbà ju 15 lórí 100 lọ́dún. Àwọn ilé owó kékeré kò gbọdọ̀ gbà ju 24 lọ. Báǹkì àgbà tó ń tẹ owó sẹ́fà jáde, BCEAO, ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín ti rú òfin. 

OHUN KẸTA: ÌWÉ ILẸ̀

Bàbá mi gbìyànjú. Ó fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ra ilẹ̀ kan lọ́nà Calavi. Ẹni tó tà á fún un kọ ìwé kan. Bàbá mi tẹ̀ka sí i. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpótí páànù tó ti Indochine gbé dé, lábẹ́ àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé, "Ilé yín wà nínú àpótí yìí."

Bàbá mi ń sọ Faransé, Faransé àwọn sójà. Ó mọ "síwájú", ó mọ "dúró", ó mọ "yìnbọn". Ṣùgbọ́n kò lè ka ìwé.

Nígbà tó kú, mo ṣí àpótí náà. Èmi ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ka ìwé náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé náà kò sọ pé wọ́n ta ilẹ̀ fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí a dé orí ilẹ̀ náà, ilé oníle ti wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ náà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà, ṣùgbọ́n òun ní ìwé títà.

Ẹ̀yin ará, mo jókòó sórí ilẹ̀ ibẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ilẹ̀ nìkan. Mo sunkún nítorí pé ìwé náà wà nínú yàrá wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo lè ti kà á nígbà tí bàbá mi ṣì wà láàyè. Kò ní kí n kà á. Èmi náà kò sì béèrè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ orúkọ àwọn ìwé ilẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Permis d'habiter wà. Òfin 1960 ló gbé e kalẹ̀. Ó fún ènìyàn ní àyè láti gbé orí ilẹ̀. Kò sọ pé ilẹ̀ náà di tirẹ̀.

Ìwé títà wà, tí wọ́n ń pè ní convention de vente. Ó fi hàn pé Lágbájá ta ilẹ̀ fún Tàmẹ̀dù. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n kò tíì tán síbẹ̀.

Titre foncier wà. Ìwé ilẹ̀ tó lágbára jù nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin ilẹ̀ tuntun. Òfin náà dá ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀, ANDF, tó ń ṣọ́ ìwé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni à ń lọ béèrè bóyá ilẹ̀ kan ti ní olówó.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí nínú ọ̀rọ̀ owó ilé? Nítorí pé báǹkì tó ń yánilówó ọdún púpọ̀ fẹ́ ohun ìdógò. Ilé ni ohun ìdógò náà. Báǹkì kò sì lè fi ilé dógò dáadáa bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ní titre foncier. Ìjọba lè fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún yín lọ́la. Bí ilẹ̀ yín kò bá ní ìwé, ẹ ó dúró sí ẹnu ọ̀nà báǹkì, onígbọ̀wọ́ yín á sì dúró tì yín.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní, ẹ tọ́jú ìwé sójà. Ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ. Opó sójà lè ní ẹ̀tọ́ sí apá kan owó ọkọ rẹ̀. Bí kò bá ní ìwé ìgbéyàwó, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé ọkọ òun ni? Ẹni tó ṣe sójà Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dọ̀ Fonds National des Retraites du Bénin ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń wá. Ẹ má ṣe fi ìwé náà sí ọwọ́ ayánilówó. Ìwé ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ewúrẹ́ tí à ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà olówó.

Èkejì, kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ lọ béèrè ní ANDF àti ní ilé ìjọba ìlú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà. Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á fún yín. Bí ẹ bá ti lè kàwé fúnra yín, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó yá owó, ẹ béèrè ohun márùn-ún, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Èló ni mo ń gbà? Èló ni èlé rẹ̀ lọ́dún? Ọdún mélòó ni màá fi san án? Èló ni màá máa san lóṣooṣù? Kí ni mo fi dógò? Ẹni tí kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí á pa ohùn pọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú iṣẹ́ sójà lónìí, ẹ sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ilé sílẹ̀ nísinsìnyí. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ sójà àtijọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ yìí sí iwájú àwọn aláṣẹ. Ìjọba ló ń san owó ìfẹ̀yìntì sójà. Ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ iye tó ń gbà. Ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n ju ẹni tó fún un ní ìbọn lọ? Àánú kọ́ là ń tọrọ. Ẹni tó rán ènìyàn lọ sí ogun yẹ kó lè sọ fún báǹkì pé: "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni kí ẹ mú."

Àpótí páànù bàbá mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti kó àwọn ìwé ara mi sínú rẹ̀. Ní oṣooṣù, mo máa ń pe àwọn ọmọ mi jókòó, a ó ṣí i, a ó ka ìwé kan. Èyí àbígbẹ̀yìn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń ka èyí tó le jù.

Ẹ lọ sílé, kí ẹ ṣí àpótí bàbá yín nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ sí etí rẹ̀.

 Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rọra máa lọ, kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn zémíjàn.